Ìwé tí ń la ọmọ lójú: Ifẹ̀ ti ṣe é lọ́dún 1970, kí ló dé tá a jẹ́ kó sùn?

Bí ọmọ ọdún méje bá jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà lábẹ́ igi, tó rí agbo màlúù tó ń kọjá lọ, tó wá béèrè pé kí ló dé tí lékèélékèé fi máa ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri, èsì wo la máa fún un? Ẹlòmíràn á ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹlòmíràn á ní kó yé dá òun lágara. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni lékèélékèé ń wá. Bí màlúù bá ń rìn nínú koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lé tata àti ìrẹ̀ jáde níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá ti fò sókè báyìí, ẹyẹ á ṣà wọ́n jẹ. Lékèélékèé tó bá tẹ̀ lé màlúù máa ń tètè yó ju èyí tó ń dá wá oúnjẹ tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn, kò sì ju ohun tí ọmọ ọdún méje lè lóye lọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ń na èékánná sí lékèélékèé pé kó fún àwọn ní funfun. Wọ́n mọ ẹyẹ náà dáadáa. Ohun tí kò tó nílẹ̀ ni ìwé tí yóò sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ là ń wí lónìí: ìwé ọmọdé tó ń sọ nípa sáyẹ́ǹsì, nípa igi àti ẹranko, nípa ìtàn ìlú, àti nípa bí àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe ń gbé ayé tiwọn.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ń ka ojú ìwé yìí ló fi ìwé Aláwìíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Ẹ ò ní jiyàn pé ìwé tó dára kì í tán lára ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ tú àpò ìwé ọmọ-ọmọ yín wò lónìí. Ìwé sáyẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni láti páálí dé páálí. Ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò kọjá álífábẹ́ẹ̀tì, àlọ́ àti àṣà. Ọmọ á wá máa rò pé èdè baba òun kò lè sọ ohun tó ń mú òjò rọ̀, tàbí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí ìdí tí irin fi ń dípẹtà.

Ohun tó wá dunni jù ni pé wọ́n ti tú irọ́ yìí fó láti nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Yorùbá níbí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MỌDÁKẸ́KẸ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Àjọ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn kò le: bí a bá fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí a wá fi olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, ṣé ọmọ náà yóò yege àbí yóò kùnà?

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Yorùbá títí wọ́n fi jáde ìwé mẹ́fà. Àwọn yòókù gba ọ̀nà tí gbogbo ilé-ìwé ń gbà nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí wọ́n já a sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ kojú wọn ni ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá tí wọ́n lè rà lọ́jà. Nítorí náà, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olùkọ́ jókòó, wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, láti kíláàsì kan sí èkejì. Ibi tí wọ́n ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n wá a. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, wọ́n mú un lò, nítorí ó pọ̀ nílẹ̀. Àgbẹ̀ ti ní gbòǹgbò, ìtànná àti hóró. Alágbẹ̀dẹ ti ní ẹwìrì àti iná ìléru. Aláró tó ń po eérú mọ́ ẹ̀lú ti mọ̀ pé ohun méjì lè pàdé kí wọ́n di ohun kẹta. Sáyẹ́ǹsì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kíkọ sílẹ̀ ló kù.

Kí wá ni àbájáde rẹ̀? Nígbà tí ètò náà parí ní ọdún 1978, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí ti ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ àwọn yóò bà jẹ́. Kò bà jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó tètè bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Fáfúnwá àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Macauley àti Ṣókòyà, kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ìròyìn tó jáde ní ọdún 1989.

Láti ìgbà náà, gbogbo ayé ló ń tọ́ka sí Ifẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ń fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé wọn. Ní ilẹ̀ wa níbi tí iṣẹ́ náà ti wáyé, àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì ọ̀hún kò dọ́wọ́ gbogbo ọmọ.

OHUN TÓ YẸ KÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ BẸ́Ẹ̀

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ ká dúró ní Ilé-Ifẹ̀ náà, ká wo ìwé méjì tí ọmọdé ìbá máa kà lónìí.

Èkíní ni ti àdán. Ẹni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yóò ti rí àdán tó so rọ̀ lórí igi bí ẹni pé èso ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Wọ́n tún ní àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, àwọn onísáyẹ́ǹsì sì fara mọ́ ọn. Àdán ní ìyẹ́ apá tó fi ń fò, ṣùgbọ́n kì í yé ẹyin. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Nítorí náà, ẹbí ewúrẹ́ àti ènìyàn ló wà, kì í ṣe ẹbí àdìẹ.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ àgbà pàápàá kò mọ̀. Irú àdán ńlá yìí wà lára àwọn tó ń gbin ìrókò. Wọ́n ń jẹ èso ìrókò lóru, wọ́n ń gbé hóró rẹ̀ kéékèèké mì, wọ́n ń fò lọ ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá kọjá. Àwọn tó ṣèwádìí lórí èyí ní orílẹ̀-èdè Gánà rí i pé iṣẹ́ tí àdán ń ṣe fún ìrókò kò kéré rárá. Ẹni tó bá wá ń fi ìbọn lé àdán dànù, ó yẹ kó mọ̀ pé àgbẹ̀ ìrókò lòun ń lé. Ọmọ tó bá ka èyí lédè rẹ̀ kò ní ju òkò sí àdán mọ́ láìronú.

Ìkejì ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Ibì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń hú ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹ́lẹ̀ gbà pé láti òkè òkun ni gíláàsì tí wọ́n fi ṣe é ti wá, pé yíyọ́ nìkan ni àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ ọ. Dókítà Abídèmí Babalọlá, ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwalẹ̀ wá ìtàn, walẹ̀ níbẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, ó rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, ó sì rí àjókù iṣẹ́ náà rẹpẹtẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ohun tó wà ní àyíká Ifẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn bàbá wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn ní nǹkan bí 1,000 ọdún sí 600 ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ náà ti ń lọ tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ọdún 2017 ni ìròyìn iṣẹ́ yìí tàn káàkiri ayé.

Ìtàn ni, sáyẹ́ǹsì ni. Ọmọ tó bá kà á yóò mọ ìwọ̀n ooru tó ń yọ́ yanrìn, yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn baba òun ló ti dá iná náà. Àmọ́ ẹ rántí pé láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò lára ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà kékeré ní Nàìjíríà. Ó di ọdún 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní lọ́dún 2009 ti parí gírámà kó tó di ìgbà náà. Odindi ìran kan ló kọjá láìka ìtàn ara wọn.

KÍ NI ÌWÉ KAN ṢOṢO LÈ ṢE?

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé kì í ṣe oúnjẹ, pé ìyà tó ń jẹ ará oko kọjá ti ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Màláwì ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ní ọdún 2001 sí 2002, ọ̀dá dá ní Màláwì, ìyàn sì mú. Ọmọ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Kamkwamba, tí wọ́n bí ní ọdún 1987, kúrò ní ilé-ìwé nítorí pé bàbá rẹ̀ kò rí owó san. Kò jókòó lásán. Ó ń lọ sí yàrá ìkàwé kékeré kan tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò jìnnà sí ilé wọn. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n ya ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé náà ń jẹ́ "Using Energy". Gẹ̀ẹ́sì William kò já gaara nígbà náà. Àwòrán inú ìwé náà ló kọ́kọ́ ń wò, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, á wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ṣa irin kẹ̀kẹ́ tó ti bà jẹ́, ó wá fáànù katakata, ó gé igi, ó sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ará abúlé rò pé orí rẹ̀ ti yí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́, ẹ̀rọ náà yí, gílóòbù tàn. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ilé wọn láti gba iná sí fóònù. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tún ṣe èyí tó ń fa omi. William padà sí ilé-ìwé, ó sì gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014. Ìtàn ayé rẹ̀ di ìwé ní ọdún 2009, wọ́n ṣe ti àwọn ọmọdé aláwòrán ní ọdún 2012, ó sì di sinimá ní ọdún 2019.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn nìyí: ọmọ yìí já fáfá débi pé àwòrán tó fún un láti bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó gbọ́n bíi tirẹ̀ ló ti dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì le sí, tí wọ́n pa ìwé dé, tí wọ́n sì gbàgbọ́ pé olódo làwọn?

KÍ ỌMỌ RÍ ARA RẸ̀, KÓ SÌ RÍ ẸLÒMÍRÀN

Ìwé ọmọdé tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ó yẹ kí ọmọ rí irú ara rẹ̀ nínú ìwé, kó sì tún rí àwọn tí kò jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun sílẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, àjọ kan tó ń rí sí ìwé kíkà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CLPE, ṣí gbogbo ìwé ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2017 wò. Nínú 100 ìwé, 4 péré ló ní ẹnikẹ́ni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ará Éṣíà tàbí ẹ̀yà kékeré mìíràn nínú. Èyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ olórí ìtàn nínú rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 100. Bẹ́ẹ̀, nínú 100 ọmọ ilé-ìwé ní England nígbà náà, bí 32 ló wá láti irú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Ìròyìn náà ta àwọn atẹ̀wé jí, iye náà sì gòkè ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń tún un ṣe. Atinuke, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, ti ń kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Hibiscus láti ọdún 2007. Ní ọdún 2019 ló gbé ìwé kan jáde tó mú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì sọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Dapo Adeola, ayàwòrán tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Ìlú Ọba, ya àwòrán sínú ìwé "Look Up!" tí Nathan Bryon kọ. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ràn ìràwọ̀, tó ń bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ìwé ọmọdé tó tóbi jù lọ ti ilé ìtàwé Waterstones ní ọdún 2020.

Inú wa dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀run tí ọmọ yẹn ń wò lókè òkun, orí wa náà ló wà. Àwọn àgbà wa ti pe ìràwọ̀ kan ní Àgùàlà, tí wọ́n tún ń pè ní ajá oṣù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ oṣù ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Ohun tí sáyẹ́ǹsì fi kún un ni pé Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé wa yìí ní títóbi, ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń mú un dán. Mélòó nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa ló mọ orúkọ tí a fún un?

ÌJỌBA Ń YÍ, ỌMỌ Ń DÀGBÀ

Láti ọdún 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti sọ pé kí wọ́n fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ odindi ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tó fi sílẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù.

A kò ní bá ìjọba jà lójú ìwé yìí. Òótọ́ ni pé èdè Nàìjíríà pọ̀, olùkọ́ kò tó, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè yege. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí ní ìwé àti olùkọ́ tí ti Mọdákẹ́kẹ́ ní? Wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọmọ, wọ́n sì fi olùkọ́ gidi ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá pàṣẹ kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni láìsí ìwé Yorùbá, ẹni tó ní ká roko tí kò fún wa ní ọkọ́ ni. Bí oko náà kò bá wá mọ́, ṣé ilẹ̀ la máa dá lẹ́bi?

OHUN TÍ Ẹ̀YIN ÀGBÀ LÈ ṢE

Èdè yòówù kí ìjọba fi sí kíláàsì, kò sófin tó ní kí ọmọ má ka Yorùbá nílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, ìwé wà lórí yín. Ẹ mọ orúkọ igi ogún tí ọmọ-ọmọ yín kò mọ̀. Ẹ mọ ẹyẹ tó ń ké kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọdún tí odò kún bo afárá, àti ibi tí ìlú yín ti ṣí wá. Ẹ fún ọmọ ní ìwé ìkọ̀wé kan tó mọ́, kó jókòó tì yín ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, kó kọ ohun tí ẹ bá sọ, kó ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ bá a tún un ṣe.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó ní ọmọ tàbí ìbátan tó ń lo fóònù ìgbàlódé lè ní kó wá ìwé àwòrán lédè Yorùbá lórí African Storybook, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa. Ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tẹ́ ẹ máa ń dáwó fún ọjọ́ ìlú, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún pẹpẹ ìwé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín. Yàrá kékeré kan ló yí ayé ọmọ Màláwì yẹn padà.

Ẹ tún bi àwọn yunifásítì wa àtàwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá pé níbo ni ìwé Ifẹ̀ wọ̀nyẹn wà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n fi ìmọ̀ òde òní kún un, kí wọ́n tún un tẹ̀. Kí wọ́n sì tètè ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti papò dà ní ọdún 2010. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tó kọ́kọ́ fi Yorùbá ka sáyẹ́ǹsì ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́dún 1970 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn náà ti ń di bàbá àgbà àti ìyá àgbà.